Ríbọ̀ọ̀: Ọ̀rọ̀ Kan fún Iṣẹ́ Méjì Lẹ́nu Àwọn Mẹkáníìkì Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Bí ènìyàn bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, tí ó sì fi etí sílẹ̀ láti gbọ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń dárúkọ ohun ìrìnnà tó ń kọjá, yóò rí i pé Yorùbá kò tọrọ orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ayọ́kẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ tí kì í pariwo; alùpùpù ni èyí tí ariwo rẹ̀ ti sọ orúkọ rẹ̀. Ìjàpá ni Volkswagen tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí gbungbu. Bọ́lẹ̀kájà ni ọkọ̀ akérò onípákó ayé àtijọ́, tòkunbọ̀ sì ni ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò ní òkè òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó jókòó láti ṣẹ̀dá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n kí awakọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ yóò yí padà: búlọ́ọ̀kù, sílíńdà, písítìn, ríìngì, kíráńkì, gásíkẹ́ẹ̀tì. Òde ọkọ̀ ń sọ Yorùbá, inú rẹ̀ ń sọ èdè àwọn tó ṣe é.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó rí. Gbogbo ayé ní ń wo òde ọkọ̀, gbogbo ayé ló sì lè sọ ọ́ lórúkọ. Inú ẹ́ńjìnì, àwọn díẹ̀ ní ń rí i, orúkọ tí wọ́n sì bá lára páálí ohun èlò ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bí wọ́n bá pe orúkọ mìíràn, ẹni tí ń ta ohun èlò kò ní mọ ohun tí wọ́n wá rà. A kò rò pé ó yẹ kí onímọ̀ èdè-ìperí máa bá oníṣẹ́ du irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Písítìn ti di ọ̀rọ̀ Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí táyà àti bírékì ti dà á. Ibi tó yẹ kí á fi ojú sí ni ibi tí ọ̀rọ̀ àyálò kan ti kó iṣẹ́ tó yàtọ̀ sí ara wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ni ọkọ̀ àti ẹni tó ń tún un ṣe kò mọ̀ pé ohun kan náà kọ́ ni àwọn ń sọ. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ríbọ̀ọ̀.

Ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní ìlú méjèèjì yìí, gbólóhùn náà "a ti ríbọ̀ọ̀ ẹ́ńjìnì yẹn" lè túmọ̀ sí pé ihò sílíńdà tó ti jẹ ni a gbẹ́ kí ó lè tún rí róbótó. Ó lè túmọ̀ sí pé a mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ ihò náà fẹ̀ kí ẹ́ńjìnì lè tóbi ju bí wọ́n ti ṣe é lọ. Bí ọkọ̀ náà bá sì jẹ́ Peugeot, ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni tó gbẹ́ ohunkóhun rárá. A óò padà sórí ti Peugeot láìpẹ́. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé iṣẹ́ méjì àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà, pé owó àti ẹ̀mí ẹ́ńjìnì wà nínú ìyàtọ̀ wọn, àti pé gírámà èdè wa ti ní ọ̀nà tí a lè gbà yà wọ́n sọ́tọ̀ láìṣẹ̀ṣẹ̀ tún yá ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀.

Ohun tí nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnì ń sọ

Olùkọ́ tí kò tíì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì rí lè fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ihò gbọọrọ inú pọ́ǹpù náà ni sílíńdà. Ohun tí ń lọ tí ń bọ̀ nínú rẹ̀, tó sì há mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn kò lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá, ni písítìn. Àwọn kan ti máa ń lo odó àti ọmọ odó fún àpèjúwe yìí. Àpèjúwe náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó ń ṣi ọmọ lọ́nà, nítorí pé ọmọ odó kò há mọ́ odó, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo agbára ẹ́ńjìnì sì wà nínú híhá náà.

Ohun méjì la ń wọ̀n. Èkíní ni ìdábùú ihò, ìyẹn ni bí ihò sílíńdà ṣe fẹ̀ tó láti ìhà kan dé ìhà kejì. Èkejì ni ìrìn písítìn, ìyẹn ni bí písítìn ṣe ń rìn jìnnà tó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí a bá sọ ìdábùú di ìlọ́po ara rẹ̀, tí a fi 0.7854 sọ ọ́ di púpọ̀, tí a fi ìrìn písítìn sọ èyí náà di púpọ̀, tí a sì wá fi iye sílíńdà parí rẹ̀, a óò rí àyè tí àwọn písítìn ń rìn nínú ẹ́ńjìnì. Nọ́ńbà yìí ni gbogbo ènìyàn ń pè ní sí-sí, títí kan ọmọ kékeré tó mọ̀ pé alùpùpù sí-sí 125 lágbára ju ti sí-sí 100 lọ, bí kò tilẹ̀ mọ ohun tí à ń kà.

Kò sí ọkọ̀ tó dára fún ẹ̀kọ́ yìí bíi Peugeot, ọkọ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Peugeot 404, tó jáde ní 1960, ní ìdábùú ihò mìlímítà 84 àti ìrìn písítìn mìlímítà 73. Sí-sí rẹ̀ jẹ́ 1,618. Nígbà tí 504 dé ní 1968, ìdábùú ihò rẹ̀ ṣì jẹ́ 84, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ìrìn písítìn di 81, sí-sí rẹ̀ sì di 1,796. Ní 1970, wọ́n fi ìrìn písítìn sílẹ̀ sí 81, wọ́n wá sọ ìdábùú ihò di 88: sí-sí 1,971 nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní 1975, kò sì ṣíwọ́ títí di 2006. Nítorí náà, orílẹ̀-èdè wa kún fún ohun èlò ìkọ́ni yìí fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, ní ojú títì, láìjẹ́ pé a mú un wọ inú kíláàsì.

Kí olùkọ́ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi nọ́ńbà wọ̀nyí ṣe ìṣirò. Mìlímítà 4 lórí 84 kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n àyè inú ẹ́ńjìnì fi ohun tó súnmọ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ìyẹn sí-sí 175. Bí ó bá jẹ́ ìrìn písítìn ni a fi mìlímítà 4 kan náà kún, sí-sí bí 89 péré ni a óò rí. Ìdí ni pé ìlọ́po ara rẹ̀ ni a ń sọ ìdábùú dà nínú ìṣirò náà, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìrìn. Òótọ́ yìí ló mú kí àwọn tó ń fẹ́ kí ẹ́ńjìnì tóbi máa wo ìhà ihò sílíńdà kí wọ́n tó wo ìhà kíráńkì.

Orúkọ wo ni kí á wá fún àyè náà? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ méjì fún un. Èkíní jẹ mọ́ títi nǹkan kúrò ní àyè rẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi ti ń ti omi. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá, ọmọ yóò béèrè ohun tí a tì àti ibi tí a tì í sí. Èkejì jẹ mọ́ gbígbálẹ̀: àyè tí písítìn gbá. Àwòrán inú èyí dára, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Àyè-àgbá ni yóò jáde. Àgbá sì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ni a fi ń pọn epo, òun náà ni ìbọn ńlá. Àyè-gbígbá yóò rán àwọn ọmọkùnrin létí bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, ohun tí a fara mọ́ ni àyè-ìrìn: àyè-ìrìn písítìn fún ti sílíńdà kan, àyè-ìrìn ẹ́ńjìnì fún gbogbo wọn lápapọ̀. Ó bá ìrìn písítìn tan, ẹni tó bá sì ti mọ ọ̀kan yóò fura sí èkejì.

Ihò tó jẹ

Ẹ jẹ́ kí á wá wo iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ríbọ̀ọ̀ dúró fún, nítorí òun ló wọ́pọ̀ jù. Bí ọkọ̀ bá ti rìn fún ọdún púpọ̀, ihò sílíńdà kì í jẹ ní dọ́gbadọ́gba. Apá òkè, níbi tí iná ti ń jó jù tí ọ́ìlì kì í sìí tó, ló ń jẹ jù. Apá ibi tí písítìn ti ń fara ti ògiri bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ń jẹ ju apá kejì lọ. Nígbà tó bá yá, ihò náà kò róbótó mọ́. Ó ti rí bí ẹyin, òkè rẹ̀ sì ti fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Ríìngì kò ní lè há mọ́ ọn. Ọ́ìlì yóò máa gòkè lọ jó, èéfín búlúù yóò máa jáde lẹ́yìn ọkọ̀, ọkọ̀ kò sì ní lè fa òkè mọ́.

Mẹkáníìkì yóò tú ẹ́ńjìnì, yóò gbé búlọ́ọ̀kù lọ sí ọ̀dọ̀ onílẹ́ẹ̀tì. Onílẹ́ẹ̀tì tó mọṣẹ́ kì í fi ojú lásán wọn nǹkan. Yóò wọn ihò kọ̀ọ̀kan lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, ní gígùn búlọ́ọ̀kù àti ní ìbú rẹ̀. Ihò tó bá jẹ jù lọ ni yóò fi pinnu ti gbogbo yòókù, nítorí pé sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ ọgbọọgba. Àwọn tó ń ṣe písítìn ti ṣe èyí tó tóbi díẹ̀ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ sílẹ̀: a máa ń rí 0.25, 0.50, 0.75 tàbí 1.00 tí wọ́n tẹ̀ sórí wọn, ìdá mìlímítà ni. Onílẹ́ẹ̀tì yóò gbẹ́ ihò náà títí tí yóò fi kù díẹ̀ kó gba písítìn tuntun, yóò sì fi òkúta ìlọ̀ parí ìyókù.

Níbi ìṣirò gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń hàn kedere. Ẹ jẹ́ kí á mú ẹ́ńjìnì Toyota 2Y, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ Hiace ayé àwọn ọdún 1980. Ìdábùú ihò rẹ̀ jẹ́ 86, ìrìn písítìn rẹ̀ jẹ́ 78, sí-sí rẹ̀ jẹ́ 1,812. Bí a bá gbẹ́ ẹ dé písítìn 1.00, tí ìdábùú di 87, sí-sí yóò di bí 1,855. Ohun tí a fi kún un kò ju ìwọ̀n ife ọtí líle kékeré kan lọ. Síbẹ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ yóò gbé e jáde, yóò sì rí i pé ó ń fò, yóò wá máa sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gáréèjì pé ríbọ̀ọ̀ ti sọ ẹ́ńjìnì òun di ńlá. Kò di ńlá. Ìfúnpọ̀ tó ti sọnù ni ó padà. Agbára tí ọkọ̀ náà ní nígbà tó wà ní tuntun ni wọ́n dá padà fún un. Ìgbàgbọ́ yìí ló ń mú kí àwọn kan máa bẹ mẹkáníìkì pé kí ó gbẹ́ ẹ dé 1.00 nígbà tó jẹ́ pé 0.25 ti tó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ná ohun tí wọn ìbá fi pamọ́ dé ìgbà mìíràn, nítorí pé irin tí a bá gbẹ́ dànù kò tún padà.

Gbẹ́ àti ohun tó ń tẹ̀lé e

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn olùtumọ̀ níbí: lu, fẹ̀ àti gbẹ́. Lu kò bá a mu. Ẹni tó bá lu nǹkan ń dá ihò sí ibi tí kò sí ihò tẹ́lẹ̀: a ń lu etí ọmọbìnrin, a ń lu pákó. Ihò sílíńdà ti wà kí onílẹ́ẹ̀tì tó fọwọ́ kàn án. Fẹ̀ nìkan kò sọ bí ìfẹ̀ náà ṣe wáyé. Gbẹ́ ló mọ iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń gbẹ́ odó tàbí ìlù ń yọ igi díẹ̀díẹ̀ kúrò láti inú, ohun tó sì ń ṣọ́ kì í ṣe ihò bí kò ṣe ògiri tó kù, nítorí pé bí ògiri bá fẹ́lẹ́ jù, igi yóò là. Bákan náà ni ti onílẹ́ẹ̀tì. Omi tí ń tu ẹ́ńjìnì lára wà lẹ́yìn ògiri sílíńdà. Bí ògiri náà bá fẹ́lẹ́ jù, yóò máa gbóná lódì, yóò tẹ̀, tàbí kí ó là kí omi sì wọlé sí ibi tí iná ń jó.

Bí a bá ti gbà pé gbẹ́ ni, ìyókù iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ gírámà. Àwọn tó ń kọ́ni ní gírámà Yorùbá mọ ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là dáadáa: bàjẹ́ di ba ọkọ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mìíràn. Ìlànà tí ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe kejì sọ àbájáde ti àkọ́kọ́ kò tíì kú nínú èdè wa. Ojoojúmọ́ là ń sọ pé a na okùn tọ́, a gbá ilẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí á lò ó. Onílẹ́ẹ̀tì lè gbẹ́ ihò sílíńdà tọ́, ó sì lè gbẹ́ ihò sílíńdà fẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni gbígbẹ́tọ́: àtúnṣe ni, ihò tó ti wọ́ ni a mú padà sí róbótó. Iṣẹ́ kejì ni gbígbẹ́fẹ̀: àfikún ni, ihò tí kò ní àbùkù kankan ni a mú tóbi kí àyè-ìrìn lè pọ̀. Kò sí mẹkáníìkì kan tí yóò gbọ́ ìyàtọ̀ méjèèjì tí kò ní yé e kíá, nítorí pé ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni gbẹ́, tọ́ àti fẹ̀ ti jáde.

Ìkìlọ̀ kan wà fún àwọn tó fẹ́ràn láti máa fi ìró ì- bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ tí wọ́n bá ṣẹ̀dá. Olùkọ́ tó bá kọ "ìgbẹ́fẹ̀" sójú pátákó níwájú àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò ní rí ẹ̀kọ́ kọ́ mọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí ohun tí wọn yóò gbọ́ nínú sílébù méjì àkọ́kọ́. Àpètúnpè gbígbẹ́- kò ní wàhálà yìí. Irú nǹkan báyìí kì í hàn lórí ìwé àkójọ ọ̀rọ̀. Inú kíláàsì ló ti ń hàn, ó sì yẹ kí á máa gbé ọ̀rọ̀ lọ síbẹ̀ kí á tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Láínà, àti ọkọ̀ tí a kì í gbẹ́

A ti sọ pé a óò padà sórí Peugeot. Nínú ẹ́ńjìnì 404 àti 504 wọ̀nyí, ògiri sílíńdà kì í ṣe ara búlọ́ọ̀kù. Ọ̀pá irin oníhò tí à ń pè ní láínà ni wọ́n kì bọ inú rẹ̀, omi sì ń kan ẹ̀yìn láínà náà tààrà. Bí ihò bá jẹ, mẹkáníìkì kò ní ohun tó fẹ́ lọ ṣe lọ́dọ̀ onílẹ́ẹ̀tì. Yóò fa láínà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ, yóò ki tuntun bọ̀ ọ́ pẹ̀lú písítìn tó bá a wá nínú páálí kan náà, ẹ́ńjìnì náà yóò sì padà sí ìwọ̀n tó wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìjàpá náà sún mọ́ ọn: sílíńdà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró, atẹ́gùn ló sì ń tù ú lára. Ìrìn písítìn ẹ́ńjìnì Ìjàpá tí wọ́n ń pè ní 1300, 1500 àti 1600 jẹ́ mìlímítà 69 kan náà. Ìdábùú ihò nìkan ló ti 77 di 83, tó sì di 85.5. Ẹni tó bá fẹ́ kí Ìjàpá rẹ̀ tóbi, sílíńdà mìíràn ni yóò rà, bí ẹni ra bàtà tuntun.

Níbi tí a bá ti ṣe irú èyí, pípààrọ̀ láínà tàbí pípààrọ̀ sílíńdà ni kí á pè é. Orúkọ náà ti wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́, kò sì sí ohun tí a fẹ́ fi kún un. Kí a má sì ṣe gbàgbé sílíìfù: òun náà jẹ́ ọ̀pá irin oníhò, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù tí a ti gbẹ́ kọjá ààlà, tàbí tó ti là, ni onílẹ́ẹ̀tì máa ń kì í bọ̀ kí ihò lè padà sí ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀. Láínà wà láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnì. Sílíìfù jẹ́ àlẹ̀mọ́ aláìsàn.

Nọ́ọ̀kì

Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà tó yẹ kí olùtumọ̀ máa bẹ̀rù ju ríbọ̀ọ̀ lọ, nọ́ọ̀kì ni. Ọ̀rọ̀ méjèèjì sì so kọ́ ara wọn.

Lókè orí písítìn, nígbà tí písítìn bá gòkè dé òpin, àyè díẹ̀ ṣì kù tí epo àti atẹ́gùn ti ń jó. A lè pe àyè yìí ní yàrá ìjóná. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ìfúnpọ̀ ẹ́ńjìnì kan tí àyè-ìrìn písítìn rẹ̀ jẹ́ sí-sí 449 jẹ́ 8 sí 1. Yàrá ìjóná rẹ̀ yóò jẹ́ sí-sí bí 64. Bí a bá gbẹ́ ihò náà fẹ̀ kí àyè-ìrìn di 493, tí a kò sì fọwọ́ kan yàrá ìjóná, ohun tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ ni a ń fún pọ̀ sínú yàrá kan náà: ìfúnpọ̀ yóò di bí 8.7 sí 1. Èyí máa ń fún ẹ́ńjìnì ní agbára, ṣùgbọ́n epo tí kò bá dára tó lè gbiná fúnra rẹ̀ nítorí ìfúnpọ̀ àti ooru náà. Ìró rẹ̀ yóò máa dún ko-ko-ko bí ẹni ń fi òòlù kékeré kan irin. Ìró yìí ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní nọ́ọ̀kì, láti ara kíkan ilẹ̀kùn. Àìsàn tó ní ìwòsàn ni: a lè pààrọ̀ epo, a lè dá àkókò tí iná ń ṣẹ́ dúró díẹ̀, a sì lè fi gásíkẹ́ẹ̀tì tó nípọn díẹ̀ sí i.

Ní ọgbà mẹkáníìkì tiwa, nọ́ọ̀kì kì í ṣe àìsàn, ikú ni. "Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì" túmọ̀ sí pé ó ti gan, kíráńkì kò yí mọ́, kí olówó rẹ̀ máa wá owó òmíràn. Ìtumọ̀ yìí ti fìdí múlẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, a kò sì rí ìdí tí a óò fi máa bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo olùtumọ̀ tó mú ìwé ìtọ́sọ́nà ọkọ̀ tó kọ ọ́ sí Yorùbá pé bí awakọ̀ bá lo epo tí kò dára, "ẹ́ńjìnì yóò nọ́ọ̀kì". Ohun tí ìwé sọ ni pé kí awakọ̀ fi etí sí ìró kan. Ohun tí òǹkàwé gbọ́ ni pé kí ó lọ ra ẹ́ńjìnì. Àbá wa ni pé kí nọ́ọ̀kì máa jẹ́ ti ikú bí àwọn oníṣẹ́ ti ń lò ó, kí á sì máa sọ pé ẹ́ńjìnì ń kànkùn nígbà tí ìró náà bá ń dún. Ẹ́ńjìnì tó ń kànkùn tí a kò dá lóhùn lè nọ́ọ̀kì: gbólóhùn yìí yé ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tí a sọ ọ́ fún ní Oǹdó, kò sì béèrè àlàyé kankan.

Ìdí tí kò fi yẹ kí á pẹ́

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí lè dúró dìgbà tí àwọn ìgbìmọ̀ bá tó jókòó, kí ó lọ wo ọ̀dọ̀ onílẹ́ẹ̀tì. Láyé òde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbẹ́ ihò sílíńdà mọ́. Bí ẹ́ńjìnì bá ti nọ́ọ̀kì, wọn a lọ ra òmíràn tó ti òkè òkun dé, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní Bẹ́líjíọ̀mù láìka orílẹ̀-èdè tí ó ti wá sí, wọn a sì gbé e sí i ní ọjọ́ kan. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì òde òní jẹ́ alumíníọ̀mù tí láínà inú rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ṣe wọ́n kò ṣe písítìn títóbi sílẹ̀ fún wọn. Iṣẹ́ gbígbẹ́ ń lọ sí ọwọ́ àwọn àgbà díẹ̀, ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ náà sì ń bá wọn lọ.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrántí ohun àtijọ́ lásán. Ọmọ iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ní Àkúrẹ́ ń fi Yorùbá kọ́ iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú kan náà ní 1981, ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìmọ̀ tó wà nídìí iṣẹ́ náà. Ọmọ iṣẹ́ mọ bí ọwọ́ ṣe ń rí, akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìdí tí ìfúnpọ̀ fi ń pọ̀. Kò sì sí ìwé kan tí àwọn méjèèjì lè jọ kà. Iṣẹ́ ìdánwò tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní Ifẹ̀ fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, fún àwa olùkọ́ èdè ní ohun tí a fi ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti lítíréṣọ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n àárín ọmọ ọdún méjìlá àti olùkọ́ yunifásítì, ilẹ̀ gbalasa kan wà tí a kò tíì dá oko sí, ibẹ̀ sì ni ẹni tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ jẹun wà.

Ní Oǹdó, níbi tí àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì ti ń bá àwọn alágbẹ̀dẹ jó nígbà ọdún Ògún, kò ṣòro láti rí i pé iṣẹ́ irin kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. A lè kọ́ ọgbọ́n nínú èyí nígbà tí a bá ń wá ọ̀rọ̀. Kí á tó yá ọ̀rọ̀ kan wọlé, kí á kọ́kọ́ béèrè ohun tí alágbẹ̀dẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà tàbí onígbá ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ìbéèrè yìí ràn wá lọ́wọ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti gbẹ́ ihò sílíńdà, a kì í fi í sílẹ̀ kí ó máa dán bí dígí. Òkúta ìlọ̀ tí à ń yí lọ sókè sódò nínú rẹ̀ máa ń fi ìlà wẹ́wẹ́ sí i lára, tí wọ́n ń dábùú ara wọn ní nǹkan bí ìwọ̀n 45 sí 60. Inú àwọn ìlà wọ̀nyí ni ọ́ìlì ń dúró sí. Bí wọn kò bá sí, ríìngì tuntun kò ní mọ ihò náà, ẹ́ńjìnì yóò sì máa mu ọ́ìlì láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, kí a fọ gbogbo rẹ̀ dáadáa. "Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ o," ni ọ̀gá kan sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lójú wa, "omi gbígbóná àti ọṣẹ ni." Òótọ́ ni, nítorí pé iyanrìn òkúta ìlọ̀ kì í bá bẹntiróòlù lọ, inú ìlà ni yóò wà tí yóò máa jẹ ríìngì. Họ́ọ̀nù ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Alábàáṣiṣẹ́ wa kan dábàá pé kí á pè é ní kíkọlà, nítorí pé ojú ihò náà jọ ojú ẹni tó kọlà. Àwòrán náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìkọlà kún àkójọ ọ̀rọ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ yóò rí ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi í ṣe. Ọ̀dọ̀ àwọn onígbá ni a ti rí ìdáhùn. Wọ́n máa ń gbẹ́ inú igbá kí wọ́n tó fín ọnà sí i lára, wọn kò sì jẹ́ pe ọ̀kan ní èkejì. Bí onílẹ́ẹ̀tì bá ti gbẹ́ ihò náà tán, yálà ó gbẹ́ ẹ tọ́ tàbí ó gbẹ́ ẹ fẹ̀, ó kù kí ó fín in.